Ẹ̀kọ́ Àfikún Lórí Mídíà, Iṣẹ́ Ọnà àti Kọ̀ǹpútà: Ohun tí Òkè Ìdáàṣà Ń Béèrè Lọ́wọ́ Yunifásítì

Lọ́dún 2016, ìjọba Benin tún ètò yunifásítì rẹ̀ tò, ó sì dín wọn kù sí mẹ́rin. Abomey-Calavi àti Parakou ń kọ́ni ní ẹ̀kọ́ lóríṣiríṣi. Abomey gba sáyẹ́ǹsì, ìmọ̀ ẹ̀rọ àti ìṣirò. Kétu gba iṣẹ́ àgbẹ̀. Ìdí wà fún un, torí owó tí kò tó kò ṣe é fọ́n káàkiri. Àmọ́ bí a ti ń pín ẹ̀kọ́ sí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ báyìí, àwọn iṣẹ́ kan wà tí wọ́n bọ́ sí àlàfo. Kódà ní Abomey-Calavi, níbi tí ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà àti ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà àti àṣà ti jọ wà lábẹ́ yunifásítì kan, oníkálukú ló ní ètò tirẹ̀ àti ìwé ẹ̀rí tirẹ̀. Èrò mi ni pé kì í ṣe ilé ẹ̀kọ́ tuntun ni yóò dí àlàfo yìí. Ẹ̀kọ́ àfikún ni, èyí tó da mídíà, iṣẹ́ ọnà àti ìmọ̀ kọ̀ǹpútà pọ̀, tí akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀ka yòówù lè mú mọ́ ẹ̀kọ́ rẹ̀. Àárín àwọn òkè Dassa-Zoumè, nílẹ̀ Ìdáàṣà, sì ni ó yẹ kí a ti kọ́kọ́ dán an wò, torí pé iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ níbẹ̀ ju agbára ẹ̀ka ìmọ̀ kan ṣoṣo lọ.

Akẹ́kọ̀ọ́ ní ẹ̀kọ́ gbòógì tó torí rẹ̀ wọ yunifásítì, ìbáà ṣe ìmọ̀ ewéko, ìtàn tàbí kọ̀ǹpútà. Ẹ̀kọ́ àfikún ni èyí tó kéré sí i tó ń kọ́ pẹ̀lú rẹ̀ láìfi ti àkọ́kọ́ sílẹ̀. Ó wọ́pọ̀ ní yunifásítì Amẹ́ríkà. Oyè Licence ní Benin jẹ́ krẹ́díìtì 180 láàárín ọdún mẹ́ta; bí a bá ya 30 sọ́tọ̀ nínú rẹ̀, ìyẹn iṣẹ́ sáà kan, tí a sì pín in sí ọdún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kò ní pa ẹ̀kọ́ gbòógì lára.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé àṣà àjèjì ni dída iṣẹ́ ọnà pọ̀ mọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ. Lóòótọ́, ní October 1966, ní New York, Billy Klüver tó jẹ́ onímọ̀ ẹ̀rọ ní Bell Labs àti Robert Rauschenberg tó jẹ́ ayàwòrán kó àwọn oníṣẹ́ ọnà àti àwọn ẹnjiníà jọ láti ṣe eré papọ̀, ọ̀pọ̀ èèyàn sì ka ìgbà náà sí ìbẹ̀rẹ̀ irú àjọṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọdún 1962 ni Mbari Mbayo, ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ ọnà, ti bẹ̀rẹ̀ ní Òṣogbo. Jimoh Buraimoh, tí gbogbo ayé mọ̀ lónìí fún àwòrán tó ń fi ìlẹ̀kẹ̀ ṣe, òun ló ń bójú tó iná fún ẹgbẹ́ eré Dúró Ládiípọ̀. Wáyà iná àti ìlẹ̀kẹ̀ jọ wà lọ́wọ́ ẹnì kan náà, kò sì sí ẹni tó ní kó mú ọ̀kan kó fi ọ̀kan sílẹ̀. Ní Ilé-Ifẹ̀, Orí Olókun tí Yunifásítì Ifẹ̀ dá sílẹ̀ kó eré, orin, ijó àti àwòrán sábẹ́ òrùlé kan láàárín ìlú, kì í ṣe nínú ọgbà yunifásítì. Ibi tí wọ́n ti kù díẹ̀ káàtó ni pé èèyàn díẹ̀ ló gbé iṣẹ́ náà ró. Ulli Beier, tó wà lára àwọn tó dá Mbari Mbayo sílẹ̀, kúrò ní Nàìjíríà ní 1966. Ọlá Rótìmí, tó ń darí eré ní Orí Olókun, kúrò ní Ifẹ̀ ní 1977. Ohun tó bá dúró lórí ẹsẹ̀ ènìyàn, bí onítọ̀hún bá lọ, ó ti mì nìyẹn. Ìdí tí mo fi fẹ́ kí ẹ̀kọ́ yìí ní krẹ́díìtì, kó wà nínú ìwé òfin yunifásítì, nìyẹn.

Ní ti Ìdáàṣà fúnra rẹ̀, àwọn òkè wọ̀nyí ni ibi ìsásí àwọn èèyàn rẹ̀ nígbà tí ogun Dahomey ń kó wọn lẹ́rú. Ìtàn ìdílé ọba Ọmọ Jagun, tí wọ́n ní láti ilẹ̀ Ẹ̀gbá ni baba ńlá wọn ti wá, ẹnu àwọn àgbà ló wà jù, ní ẹ̀ka èdè tí Ọ̀yọ́ àti Ìbàdàn lè má tètè gbọ́. Ibi tí ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà ti wọ̀ ọ́ rèé. Nínú òdiwọ̀n àgbáyé tó fún èdè kọ̀ọ̀kan ní àmì lẹ́tà mẹ́ta, yor ni Yorùbá, idd ni Ìdáàṣà, cbj ni Ṣábẹ̀ẹ́ tó wà nítòsí rẹ̀. Lójú ẹ̀rọ, èdè ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n, ohun tí a bá sì kó jọ lábẹ́ yor kì í dé ọ̀dọ̀ idd fúnra rẹ̀. Àkọtọ́ pàápàá yà: Benin ń lo ɛ àti ɔ, ó ń kọ sh àti kp, Nàìjíríà ń kọ ẹ, ọ, ṣ àti p. Ẹ tún wo lẹ́tà kan ṣoṣo, ẹ́. Ojú wa rí ohun kan, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà lè tọ́jú rẹ̀ ní ọ̀nà mẹ́ta: ẹ tí a fi àmì ohùn lé lórí, é tí a fi àmì sí nísàlẹ̀, tàbí e lásán tí a fi àmì méjèèjì kún. Bí ẹnì kan bá tẹ orúkọ ọba ní ọ̀nà kan, tí ẹlòmíràn sì wá a ní ọ̀nà kejì, ẹ̀rọ tí a kò tọ́ sọ́nà yóò ní kò sí irú orúkọ bẹ́ẹ̀. Onímọ̀ èdè gbọ́ ohùn, kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ẹ̀rọ. Onímọ̀ ẹ̀rọ mọ ìyẹn, kò sì gbọ́ ohùn. Oníṣẹ́ ọnà tó ya lẹ́tà náà lè má mọ èyíkéyìí nínú méjèèjì.

Ilé ẹ̀kọ́ gíga fún ìmọ̀ ohun abẹ̀mí, tó wà lábẹ́ Yunifásítì Abomey, wà ní Dassa níbẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tó mọ Vernonia amygdalina, ìyẹn ewúro, mọ èròjà inú rẹ̀. Àgbà tó ń já a mọ orúkọ rẹ̀ ní Ìdáàṣà, ó mọ ìgbà tí a ń já a àti ọ̀rọ̀ tí a ń pè sí i. Nínú ọfọ̀, orúkọ ewé àti iṣẹ́ tí a rán an sábà máa ń bára mu ní ìró. Bí ohùn bá yí, iṣẹ́ ti yí. Àwòrán, ohùn àti orúkọ sáyẹ́ǹsì gbọ́dọ̀ jọ wà lójú kan kí àkọsílẹ̀ náà tó pé. Pierre Verger, ayafọ́tò ará Faransé tó gba orúkọ Fátúmbí ní Kétu lọ́dún 1953, ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ìwé ńlá rẹ̀ lórí ewé kò jáde títí di 1995. Bí a bá ń dúró de irú rẹ̀ mìíràn, àgbà mélòó ni yóò ti kọjá lọ?

Àwọn kan yóò sọ pé ẹni tó kọ́ díẹ̀díẹ̀ nínú ohun mẹ́ta kò mọ ọ̀kankan. Ẹ̀sùn yìí kan oyè tí a fi ìmọ̀ mẹ́ta nìkan kọ́, kò kan ẹ̀kọ́ àfikún. Onímọ̀ ewéko ṣì jẹ́ onímọ̀ ewéko. Ohun tó jèrè ni pé ó mọ bí a ti ń gba ohùn sílẹ̀ kó má ṣe kún fún ariwo afẹ́fẹ́. Àwọn mìíràn yóò tọ́ka sí Africa Design School tó ṣílẹ̀kùn ní Cotonou ní 2019 lábẹ́ Sèmè City, ètò ìjọba Benin fún ẹ̀kọ́ àti ìdáwọ́lé tuntun. Iṣẹ́ rere ni, àmọ́ ayàwòrán àti oníṣẹ́ ọnà tó máa fi iṣẹ́ náà jẹun ló ń kọ́. Kò sí fún olùkọ́ ìtàn tàbí nọ́ọ̀sì ọjọ́ iwájú. Ní ti iná àti dátà, ìṣòro ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n fóònù àti mẹ́mọ́rì káàdì tó fún ìbẹ̀rẹ̀. Ọ̀nà tí orin ń gbà rìn láti ọwọ́ dé ọwọ́ lábúlé nìyẹn.

Àtakò tó wúwo jù ni ti àṣírí. Àwọn onígbàgbọ́ tó ń rọ́ wá sí ihò àpáta Arigbo ní Dassa lọ́dọọdún ní oṣù August ń ṣe ohun tí gbogbo ayé lè wò. Igbó òrìṣà lórí òkè kejì kò rí bẹ́ẹ̀. Bí a bá kó kámẹ́rà lé ọ̀dọ́ lọ́wọ́ tí a kò kọ́ ọ ní ìgbà tí a ń pa á, a ti ba nǹkan jẹ́. Mo gba àtakò yìí tọwọ́tẹsẹ̀, àmọ́ ibi tó tọ́ka sí kọ́ ni pé ká fi ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀. Fóònù ti wà lọ́wọ́ àwọn ọ̀dọ́ tẹ́lẹ̀. Ẹ̀kọ́ ni kò sí. Nítorí náà, ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ nínú krẹ́díìtì 30 náà gbọ́dọ̀ jẹ́ ti ìyọ̀ǹda: ta ló ni ohùn tí a gbà, ta ló lè ní kí a pa á rẹ́, èwo ni yóò wà ní ààfin tí kò ní dé orí íntánẹ́ẹ̀tì láé. Àgbà Ìdáàṣà ni ó yẹ kó kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ẹ̀kọ́ yìí, kí yunifásítì sì san owó fún un gẹ́gẹ́ bí olùkọ́.

Ibi tí mo rí ìdènà gidi wà láàárín àwọn olùkọ́ fúnra wọn. CAMES, ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó ẹ̀kọ́ gíga láàárín àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà kan, ni ìgbéga àwọn olùkọ́ yunifásítì Benin wà lọ́wọ́ rẹ̀, àpilẹ̀kọ inú ẹ̀ka ìmọ̀ ẹni ló sì ń wò jù. Olùkọ́ kọ̀ǹpútà tó bá lo ọdún méjì lórí àkójọ ohùn àwọn àgbà Ìdáàṣà kò ní nǹkan tó máa gbé síwájú ìgbìmọ̀ ẹ̀ka rẹ̀. Bí ìgbìmọ̀ náà kò bá bẹ̀rẹ̀ sí í ka irú àkójọ bẹ́ẹ̀ sí iṣẹ́ ìwádìí, akẹ́kọ̀ọ́ yóò forúkọ sílẹ̀ fún ẹ̀kọ́ àfikún, wọn kò sì ní rí ẹni tí yóò kọ́ wọn.