Ìró Kékeré Kan Nínú Àpótí

Aago 6:40 òwúrọ̀. Iná wà ní Àjàṣẹ́. Mo ti gbé tábìlì sẹ́nu fèrèsé. Ohun tó wà lórí rẹ̀ kò pọ̀: àpótí irin kan tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, irin sọ́dà, mítà, wáyà díẹ̀, àti rílè kan ṣoṣo. Kò sí òmíràn nílé. Rílè náà kò ju èékánná àtàǹpàkò lọ, ẹsẹ̀ mẹ́wàá ló sì ní.

Aago 7:15. Mo fi mítà kan ẹsẹ̀ méjì tó jẹ́ ti kọ́ìlì. Ó lé díẹ̀ ní 170 ohm. Ó yè. Bí iná fólítì 5 bá dé ibẹ̀, irin inú rẹ̀ á fà, wáyà gìtá á bọ́ sí ọ̀nà kan, inú ẹ̀rọ tó ń yí ohùn padà. Bí iná bá kúrò, sípíríǹgì á dá a padà sí ọ̀nà kejì, tí ohùn ń gbà kọjá gaara. Iṣẹ́ rẹ̀ ò ju ìyẹn lọ.

Aago 8:30. Ó kan dáyódù, 1N4007. Mo kọjú ìlà funfun rẹ̀ sí apá tí iná ń gbà wọlé. Bí kò bá sí níbẹ̀, iná tí kọ́ìlì bá tú sílẹ̀ lójijì á padà wá pa trànsísítọ̀. Mo wò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Aago 11:20. Àbúrò mi gbé gìtá rẹ̀ dé.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́.”

Okùn kejì gìtá náà ti dípata. Wọ́n ní nígbà tí onígìtá Lionel Loueke ń kọ́ gìtá ní Kútọnu, wáyà bíréèkì kẹ̀kẹ́ ló fi ń rọ́pò okùn tó bá já. Mo máa ń rántí ìyẹn bí ọwọ́ mi bá fẹ́ rọ. Àbúrò mi rọra fi aṣọ nu okùn náà.

Aago 12:50. A dán an wò. Nígbà tí iná pupa orí àpótí kú, gìtá ń kùn bí agbọ́n. Nígbà tí ó tàn, ohùn rẹ̀ mọ́ gaara. Mo ti so wáyà mẹ́rin ní òdì.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká yí iná pupa nìkan padà. Ta ni yóò tú inú rẹ̀ wò?”

Ìṣẹ́jú mẹ́wàá nìyẹn. Bí mo bá tú ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ooru lè ba rílè jẹ́.

Mo fa wáyà iná yọ. Mo ní kó ta gìtá náà. Ó ta á. Kò sí ohùn kankan.

Ó wò mí. Kò sọ̀rọ̀ mọ́. Mo tún mú irin sọ́dà.

Aago 1:30 ọ̀sán. Ení, èjì, ẹ̀ta, mo gbé irin kúrò. Mo dúró kó tutù. Ẹsẹ̀ kìíní tú, èkejì tú. Ní ẹsẹ̀ kẹta, ike abẹ́ rẹ̀ rọ̀, ẹsẹ̀ náà sì tẹ̀ díẹ̀. Òórùn rẹ̀ gba yàrá. Mi ò mí.

Aago 2:10. Iná lọ.

Irin sọ́dà tutù lọ́wọ́ mi. Àbúrò mi jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Ọ̀kadà zémidjan ń kọjá. Kò sẹ́ni tó béèrè aago lọ́wọ́ ẹnì kejì.

Aago 3:55. Wọ́n ń pe ìrun Alásàárì. Iná dé.

Aago 4:40 ìrọ̀lẹ́. Mo so wáyà kúkúrú kan mọ́ ẹnu méjèèjì tí rílè máa ń dì mú nígbà tí kò bá síná. Ẹnu méjì yòókù lọ sínú ẹ̀rọ tó ń yí ohùn padà. Mo fi ẹsẹ̀ tẹ súìṣì. Ká. Iná pupa tàn, gìtá ń kùn. Mo fa iná yọ. Ká. Gìtá ṣì ń dún, gaara.

Aago 6:00. Zémidjan méjì gbé wa lọ sí apá Wàǹdó.

Aago 8:15 alẹ́. Àga ti kún inú ọgbà. Jẹnẹrétọ̀ ń ké lẹ́yìn ògiri. Ampilifáyà gba wáyà tirẹ̀ láti ibẹ̀. Àpótí mi wà ní ojú kẹta pákó iná olójú mẹ́rin, nílẹ̀, láàárín ẹsẹ̀ àwọn èèyàn.

Aago 9:35. Àbúrò mi bẹ̀rẹ̀ orin náà. Iná pupa tàn. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan dé pẹ̀lú fóònù àti ṣájà lọ́wọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó wo ojú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, gbogbo wọn ló kún. Ọwọ́ rẹ̀ bà lé ẹ̀kẹta.

Ká.

Iná pupa kú. Gìtá kò dákẹ́. Àbúrò mi la ojú, ó wo ilẹ̀, ó tún pa á dé.

Ìrántí ọdún kan ìyá wa ni. Lọ́jọ́ ìsìnkú rẹ̀, nínú ọgbà yìí kan náà, orin yìí kan náà ni àbúrò mi ń ta. Súìṣì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́sàn-án ló wà nínú àpótí tí mo ṣe nígbà náà, ibi tí ẹsẹ̀ bá tẹ̀ ẹ́ sí ló máa ń dúró sí, iná ì báà wà, ì báà lọ. Iná rẹ̀ kú bí wọ́n ṣe gbé pósí dé ẹnu ọ̀nà. Ẹsẹ̀ àwọn tó gbé e lórí iyanrìn nìkan la gbọ́, títí wọ́n fi jáde.

Aago 9:41. Ó ta á dé òpin.