Ìtọ́jú Ọ̀fọ̀ pẹ̀lú Oògùn Amúniríran

Nínú ìtọ́jú yìí, oníṣègùn máa ń fún ẹni tí òbí, ọmọ, ọkọ tàbí aya rẹ̀ kú ní oògùn tó ń yí bí èèyàn ṣe ń ríran àti bí ó ṣe ń ronú padà fún wákàtí díẹ̀, wọ́n á sì jọ sọ̀rọ̀ dáadáa ṣáájú rẹ̀ àti lẹ́yìn rẹ̀. Psilocybin, tó wà nínú àwọn irú olú kan, ni wọ́n ń lò jù. Àwọn mìíràn ń lo ayahuasca, àgbo tí àwọn ọmọ onílẹ̀ igbó Amazon ń sè.

Ọ̀fọ̀ fúnra rẹ̀ kì í ṣe àìsàn. Ẹkún ọ̀pọ̀ èèyàn ń rọlẹ̀ bí oṣù ti ń gorí oṣù láìrí dókítà. Àmọ́ nínú àkọsílẹ̀ àrùn tí Àjọ Ìlera Àgbáyé bẹ̀rẹ̀ sí í lò ní 2022, bí ìbànújẹ́ bá le kọjá ohun tí àṣà ẹni náà fàyè gbà, tó ju oṣù 6 lọ, tí kò sì jẹ́ kó lè gbé ìgbé ayé rẹ̀, àìsàn ti wọ̀ ọ́. Oṣù 12 ni àwọn oníṣègùn ọpọlọ Amẹ́ríkà fún àgbàlagbà.

Lọ́jọ́ oògùn, aláìsàn á dùbúlẹ̀, wọ́n á fi aṣọ bo ojú rẹ̀, wọ́n á gbé orin sí i létí, àwọn olùtọ́jú méjì á sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ fún nǹkan bíi wákàtí 6 sí 8. Àwọn kan máa ń sọ pé àwọn rí olóògbé, pé àwọn tọrọ àforíjì tí ikú kò jẹ́ kí àwọn tọrọ. Olùtọ́jú kì í bá wọn jiyàn bóyá ẹ̀mí ni tàbí ọpọlọ ló ń ṣiṣẹ́. Ohun tí wọn yóò fi ìran náà ṣe ló máa ń bi wọ́n ní àwọn ìjókòó tó tẹ̀ lé e. Ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ wà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé olú ló gba gbogbo òkìkí.

Àwọn ẹ̀yà Mazatec ní Mẹ́síkò ti ń fi olú yìí wo aláìsàn tipẹ́ kí onímọ̀ kẹ́míkà Albert Hofmann tó yọ psilocybin nínú rẹ̀ ní 1958. Òfin oògùn olóró Amẹ́ríkà ti 1970 fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ìwádìí rẹ̀ run. Nígbà tó sọjí, ìwádìí méjì ti 2016, ní Yunifásítì Johns Hopkins àti ti New York, fi hàn pé psilocybin dín ìbẹ̀rù àti ìrẹ̀wẹ̀sì àwọn alárùn jẹjẹrẹ kù. Ẹni tí ikú ń bọ̀ wá bá nìyẹn, kì í ṣe ẹni tó kù sẹ́yìn.

Ẹ̀rí lórí ọ̀fọ̀ gan-an kò tíì tó nǹkan. Ní San Francisco, ìwádìí 2020 kan lo psilocybin fún ọkùnrin 18 tí wọ́n la àjàkálẹ̀ àrùn éèdì já, tí ọ̀pọ̀ èèyàn wọn sì bá a lọ; ìrẹ̀wẹ̀sì wọn dín kù. Àwọn olùwádìí tún tẹ̀ lé àwọn tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ tí wọ́n lọ mu ayahuasca ní Peru, ara sì tu wọ́n. Ṣùgbọ́n méjèèjì kò ní ẹgbẹ́ tí kò gba oògùn tí a lè fi wọ́n wé, nítorí náà ìrètí ni wọ́n fún wa, wọn kì í ṣe ẹ̀rí tó dájú.

Ẹni tí wèrè bá wà nínú ìdílé rẹ̀, tí ọkàn rẹ̀ kò lágbára, tàbí tó ń lo lithium, kò gbọdọ̀ dán an wò. Ọsirélíà fàyè gba psilocybin láti July 2023, àmọ́ fún ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn tí oògùn mìíràn kò ràn nìkan ni. Kò tíì sí ìjọba tó fọwọ́ sí i gẹ́gẹ́ bí oògùn ọ̀fọ̀.