Mọ́sálásí Kọ́dóbà: Ilé Ìrun Tó Di Ibi Ìwòran

Ẹ̀yin ará nínú Ìsìláàmù, owó ni Mùsùlùmí tó dé Kọ́dóbà ní Sípéènì yóò san kó tó wo mọ́sálásí ńlá ibẹ̀. Wọn kò sì ní gbà kó kírun níwájú mìhírábù tí Al-Hakam Kejì ṣe lọ́ṣọ̀ọ́.

Ní 785 ni Abd al-Rahman Kìíní bẹ̀rẹ̀ ilé náà; òpó rẹ̀ lé ní 800. Ṣùgbọ́n ní 1031 ìjọba Kọ́dóbà fọ́ sí wẹ́wẹ́, Mùsùlùmí ń bá Mùsùlùmí jà. Ní 1236 Ọba Ferdinand Kẹta gba ìlú náà, ó sọ mọ́sálásí di ṣọ́ọ̀ṣì.

Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ̀ ọ́. Ẹ̀yin ìjọ tó ń jà nítorí oyè, ẹ rántí Kọ́dóbà.