Kòkó Agége, Irin Ìkẹjà

Ẹ̀yin tí ẹ ń fi ọkọ̀ gba Ìkẹjà kọjá, ẹ kò tíì rí i. Èmi fẹsẹ̀ rìn ín ní Sátidé kan, láti ìdíkọ̀ rélùwéè Agége títí dé òpópó Ọba Akran. Oko kòkó ni ọ̀nà yìí kọjá nígbà kan. Ìfàkò ni J. K. Coker, ọ̀kan nínú àwọn olórí ìjọ African Church, dá oko ńlá sí, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì dá ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀ Agége sílẹ̀ ní 1907. Àwọn alágbàṣe wá láti Iléṣà àti Oǹdó. Nígbà tí wọ́n ń padà, irúgbìn kòkó wà nínú ẹrù wọn. Lára owó kòkó tí ó hù lọ́hùn-ún ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn fi rí agbára ṣe ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ìdàgbàsókè láàárín 1950 sí 1960, nígbà tí wọ́n pín ilẹ̀ Ìkẹjà fún àwọn ilé-iṣẹ́. Kòkó lọ, ó sì padà wálé ní irin.

Ní Ọba Akran ni ẹsẹ̀ mi wúwo. Ní 2008 ni Dunlop ṣíwọ́ ṣíṣe táyà níbẹ̀: táyà òkèèrè pọ̀ lọ́jà, iná kò sì dúró. Mo bi ọmọkùnrin kan tí ń ta búrẹ́dì bóyá ó mọ̀ pé oko kòkó ni ibí.

“Kòkó kẹ̀, ẹ̀gbọ́n? Búrẹ́dì mélòó ni kí n wé fún yín?”