Kàtídírà Marina: Ilé Gothic Tó Gba Èkó Ní Ọdún Méjìlélógún

Kọ̀ńdọ́ tó bá ń pe èrò ní Ọ̀yìngbò kì í sábà dárúkọ Marina. "CMS! CMS!" ló máa ń ké, kò sì sẹ́ni tí í bi í pé ibo nìyẹn. Ẹgbẹ́ àwọn míṣọ́nnárì Gẹ̀ẹ́sì, Church Missionary Society, ló ni orúkọ náà, ilé ìtàwé wọn ló sì jẹ́ kó mọ́ àdúgbò yẹn lára. Ọkọ̀ á gba Carter Bridge tàbí Third Mainland kọjá lórí ọ̀sà, èrò á sọ̀ kalẹ̀, kálukú á sì yára forí lé ibi iṣẹ́ tàbí ọjà Balógun. Ilé kan wà tí gbogbo wọn ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, tí fèrèsé rẹ̀ ga, tí orí fèrèsé náà sì ṣe ṣóńṣó: Cathedral Church of Christ, kàtídírà Áńgílíkà tó pẹ́ jù lọ ní Nàìjíríà. Ọ̀pọ̀ ọmọ Èkó ló ti rí i láti ojú fèrèsé ọkọ̀ láìmọye ìgbà, tí wọn kò tíì tẹ inú rẹ̀ rí.

Àdánù ni. Inú ilé yìí ni ìtàn ẹ̀sìn, ìtàn ìjọba àti ìtàn orin Èkó ti pàdé, kò sì gbà ju owó ọkọ̀ láti dé ibẹ̀.

Ọjọ́ 29 oṣù Kẹta ọdún 1867 ni wọ́n fi òkúta ìpìlẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì àkọ́kọ́ lélẹ̀ níbẹ̀. Èkó ti bọ́ sábẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì láti 1861, Marina sì ni ojúde ìlú: etí omi gan-an ni, igi tò lọ rẹrẹ lẹ́bàá ọ̀nà, ilé àwọn oníṣòwò sì kọjú sí ọ̀sà. Títì ńlá tó wà láàárín ṣọ́ọ̀ṣì àti omi lónìí kò sí nígbà yẹn. Àwọn ọdún 1970 ni wọ́n da yẹ̀pẹ̀ sómi kí ọ̀nà tuntun tó lè gba ibẹ̀.

Ọdún 1867 kan náà kò ṣeé gbàgbé ní Èbúté-Mẹ́tta, níbi tí Ọ̀yìngbò wà, pẹ̀lú. Ní oṣù Kẹwàá ọdún yẹn ni Ìfọ́lé ṣẹlẹ̀ ní Abẹ́òkúta: wọ́n fọ́ ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ba ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tẹ Ìwé Ìròyìn jẹ́, wọ́n sì lé àwọn míṣọ́nnárì òyìnbó kúrò nílùú. Ọ̀pọ̀ Ẹ̀gbá onígbàgbọ́ sá wá sí Èkó, Glover tó ń ṣàkóso ìlú nígbà náà sì fún wọn nílẹ̀ ní Èbúté-Mẹ́tta. Ọ̀dọ̀ wọn ni ìjọ St. Jude's tó wà níbẹ̀ títí dòní ti ṣẹ̀. Bí àwọn bíríkìlà ṣe ń mọ ògiri ṣọ́ọ̀ṣì ní Marina ni àwọn tí Ìfọ́lé lé wá ń kọ́ ilé tiwọn ní òdìkejì ọ̀sà.

Kí ló gbé irú ilé ilẹ̀ Yúróòpù bẹ́ẹ̀ dé etí ọ̀sà Èkó? Apá kan ìdáhùn wà ní Canterbury nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Kàtídírà Gothic tó wà níbẹ̀ ni wọ́n ti fi Samuel Àjàyí Crowther jẹ bíṣọ́ọ̀bù ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹfà 1864, ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí ìjọ Áńgílíkà fi sí ipò náà. Ọmọ Òṣoògùn ni. Ọdún 1821 ni ogun kó o lẹ́rú, wọ́n tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi wọ ọkọ̀ ẹrú ní Èkó, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì sì dá ọkọ̀ náà dúró ní 1822, ó gbà wọ́n sílẹ̀, ó kó wọn lọ sí Sàró. Àwọn méjì ló bá a jẹ oyè lọ́jọ́ yẹn, bíṣọ́ọ̀bù Peterborough àti bíṣọ́ọ̀bù Tasmania. Ẹni tí wọ́n ti tà rí wá kúnlẹ̀ pẹ̀lú wọn níwájú pẹpẹ kan náà, lábẹ́ òrùlé tí ó ti wà láti nǹkan bí ẹgbẹ̀rin ó dín ọgọ́rùn-ún ọdún ṣáájú. Nígbà tí àádọ́jọ ọdún pé lórí ìwúyè náà ní 2014, ìjọ Gẹ̀ẹ́sì ṣe ìsìn ìdúpẹ́ àti ìrònúpìwàdà ní Canterbury, nítorí ìwà tí àwọn míṣọ́nnárì òyìnbó hù sí bàbá náà ní ọjọ́ alẹ́ rẹ̀.

Iná ló sọ Canterbury di ilé Gothic. Ní 1174, iná jó apá ibi tí àwọn akọrin máa ń jókòó sí, wọ́n sì ránṣẹ́ pe ọ̀gá agbẹ́kùúta kan ní ilẹ̀ Faransé, William ará Sens. Ọkùnrin náà ti bá iṣẹ́ jìnnà kó tó ré bọ́ láti orí pákó ìkọ́lé ní 1178. Ó fara pa débi pé kò lè bá a lọ mọ́, Gẹ̀ẹ́sì kan tí òun náà ń jẹ́ William ló gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọgbọ́n tí William àkọ́kọ́ gbé wá ti ń ràn ní Faransé láti ìgbà tí wọ́n ti ṣí apá tuntun ṣọ́ọ̀ṣì Saint-Denis, lẹ́bàá Paris, ní 1144.

Ọgbọ́n náà tọ́ sí kí ènìyàn dúró wò ó. Ṣáájú ìgbà yẹn, ilé tó bá ní òrùlé òkúta gbọ́dọ̀ ní ògiri tó nípọn gan-an àti fèrèsé kékeré, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, òrùlé á ti ògiri síta, gbogbo rẹ̀ á sì wó. Àwọn oníṣẹ́ Gothic rí i pé bí òkè ilẹ̀kùn àti fèrèsé bá ṣe ṣóńṣó dípò kó rí róbótó, ìwúwo òrùlé á máa sọ̀ kalẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ju bó ṣe ń ti ẹ̀gbẹ́ lọ. Apá méjèèjì á gbé ara wọn ró, bí ènìyàn méjì tó dojú kọ ara wọn tí wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ ti àtẹ́lẹwọ́. Ìyókù agbára tó bá ṣẹ́kù, òpó tí wọ́n mọ ti ògiri níta ni yóò gbà á. Báyìí ni ògiri ṣe di fẹ́lẹ́, tí fèrèsé di gbàgede, tí wọ́n sì fi gíláàsì aláràbarà dí i, pẹ̀lú àwòrán ìtàn Bíbélì fún ọ̀pọ̀ ènìyàn tí kò mọ̀wé kà.

Àlejò kò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rọ́ lọ sí irú ilé bẹ́ẹ̀. Nígbà tí àwọn jagunjagun ọba pa Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà Thomas Becket nínú Canterbury ní ọjọ́ 29 oṣù Kejìlá 1170, ibojì rẹ̀ di ibi tí àwọn ènìyàn ń ti ọ̀nà jíjìn wá fún àdúrà àti ìwòsàn, ọrẹ tí wọ́n ń mú wá sì wúlò púpọ̀ fún ilé náà. Àwọn arìnrìn-àjò afẹ́ tó ń san owó ìwọlé níbẹ̀ lónìí, ọ̀nà àwọn tó ti lọ ṣáájú ni wọ́n ń tọ̀. Ní 1988 ni UNESCO kọ orúkọ Canterbury sínú ìwé ohun àjogúnbá gbogbo ayé.

Ilé tí àlejò ń rí ní Marina báyìí kì í ṣe ti 1867. Bagan Benjamin ló ya àwòrán rẹ̀, ó fi ọnà Norman, ti ògiri tó nípọn ṣáájú Gothic, pọ̀ mọ́ ti Gothic, iṣẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù Kọkànlá 1924. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹrin 1925 ni Edward, àrẹ̀mọ ọba Gẹ̀ẹ́sì, wá fi òkúta ìpìlẹ̀ lélẹ̀. Àrùn burúkú tí eku ń kó ran ènìyàn ń jà ní Èkó lákòókò náà, síbẹ̀ wọ́n ṣe ayẹyẹ náà. Edward jọba ní 1936, kò lo ọdún kan pé tó fi sọ̀kalẹ̀ lórí oyè, bẹ́ẹ̀ ni ilé tó fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀ kò tíì parí. Ọ̀dá owó tó mú gbogbo ayé lẹ́yìn 1929 dé bá iṣẹ́ náà, Ogun Àgbáyé Kejì tún bá a níbẹ̀. Ó di 1946 kí wọ́n tó ṣe é tán.

Ọdún méjìlélógún! Ó lè dà bí ẹni pé ó pọ̀, ṣùgbọ́n kàtídírà Cologne ní Jámánì, 1248 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, 1880 ni wọ́n parí rẹ̀. Ọdún 1946 tí ti Marina parí yẹn náà ni Herbert Macaulay kú, ẹni tí Abigail, ọmọ Crowther, bí ní 1864, ọdún tí bàbá àgbà rẹ̀ jẹ bíṣọ́ọ̀bù. Títì tí wọ́n fi sọrí rẹ̀ ni àwọn ará Èbúté-Mẹ́tta àti Yábà ń tọ̀ lójoojúmọ́.

Ẹni tó bá wọ inú kàtídírà náà yóò kọ́kọ́ mọ̀ pé ooru títì ti dínkù. Òrùlé ga, afẹ́fẹ́ gbígbóná sì ń ròkè, nítorí náà ilé tí wọ́n kọ́kọ́ ronú rẹ̀ fún ilẹ̀ olótùútù kò ṣe àjèjì sí ojú ọjọ́ Èkó. Kó má yára lọ síwájú. Kó dúró lẹ́yìn àga tó kẹ́yìn, kó tẹ̀lé òpó pẹ̀lú ojú láti ilẹ̀ dé òkè, kó wo ibi tí ó ti yà bí ẹ̀ka láti lọ pàdé èkejì rẹ̀. Ibẹ̀ ni ọgbọ́n tí a ti sọ lẹ́ẹ̀kan wà, ní ojú korojú. Lẹ́yìn náà kó ka àwọn ìkọ̀wé ìrántí. Orúkọ Yorùbá, orúkọ Gẹ̀ẹ́sì àti orúkọ tí wọ́n mú ti Sàró bọ̀ ló jọ wà nínú ìtàn ìjọ yìí.

Crowther fúnra rẹ̀ wà níbẹ̀. Ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá 1891 ló kú ní Èkó, itẹ́ òkú Ajẹ́lẹ̀ ni wọ́n sì sin ín sí. Nígbà tí ìjọba tú itẹ́ òkú náà ká ní àwọn ọdún 1970, ọ̀pọ̀ ibojì àwọn tó kọ́ Èkó ìgbàanì ló parẹ́. Wọ́n kó egungun Crowther wá sí kàtídírà, wọ́n sì ṣe ohun ìrántí fún un. Ká ní kò sí ìyẹn ni, ẹni tó ṣe ọ̀gá nínú títú Bíbélì sí èdè Yorùbá ì bá má ní ibojì tí ọmọ Yorùbá lè lọ bẹ̀ wò ní Èkó.

Orin ni ìdí mìíràn tó fi yẹ kí ènìyàn wá. Láti 1914 títí di 1962, Thomas Ẹ̀kúndayọ̀ Phillips ló ń tẹ dùùrù níbẹ̀, òun ló sì ń darí àwọn akọrin. Ó ti kẹ́kọ̀ọ́ orin ní London, ṣùgbọ́n ohun tó gbé e lọ́kàn jù ni bí orin ṣọ́ọ̀ṣì ṣe lè tẹ̀lé ohùn Yorùbá, kí orin má baà yí ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ padà. Ìwé rẹ̀ lórí orin Yorùbá jáde ní 1953. Abẹ́ rẹ̀ ni Fẹlá Ṣówándé ti kọrin lọ́mọdé, kó tó lọ sí London ní 1934, kó sì di ẹni tí ayé mọ̀ fún orin dùùrù tó gbé kalẹ̀ lórí ohùn orin ilẹ̀ wa. Ayọ̀ Bánkọ́lé náà ti ibẹ̀ kọjá. Ẹni tó bá wá ní ọjọ́ tí wọ́n ń tẹ dùùrù náà yóò mọ ìdí tí àwọn agbẹ́kùúta Gothic fi fẹ́ òrùlé gíga: ohùn kì í tètè kú níbẹ̀.

Láti Marina, ẹsẹ̀ lásán gbé ènìyàn dé Catholic Mission Street, níbi tí Holy Cross Cathedral ti ìjọ Àgùdà wà. Ìtàn tirẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ọwọ́ àwọn tó ti oko ẹrú Brazil bọ̀, tí wọ́n ń pe àwọn náà ní Àgùdà. Kí àlùfáà kankan tó máa gbé Èkó ni ọkùnrin kan láàárín wọn, tí wọ́n ń pè ní Padre Antonio, ti ń kó wọn jọ fún àdúrà. Nígbà tí Fáádà Borghero bẹ Èkó wò ní 1863, ìjọ ti wà nílẹ̀ kó tó dé. Àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ Àgùdà ló kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì ńlá àkọ́kọ́, èyí tó wà nísinsìnyí sì jẹ́ iṣẹ́ àwọn ọdún 1930, ní ìlànà Gothic. Ó di kàtídírà bíṣọ́ọ̀bù àgbà ní 1950.

Bí ẹsẹ̀ arìnrìn-àjò bá yá ju ti Èkó lọ, ó lè gba ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀ kọjá. Kàtídírà Lomé ní Tógò, àwọn ará Jámánì ló kọ́ ọ, wọ́n sì ṣí i ní 1902. Ní Ouidah, Bẹ̀nẹ̀, ṣọ́ọ̀ṣì ńlá àwọn Àgùdà àti ilé òrìṣà ejò ló dojú kọ ara wọn gan-an, àlejò sì lè wọ méjèèjì ní ọ̀sán kan.

Ní ti Marina, ọjọ́ àárín ọ̀sẹ̀ ló dára jù fún ẹni tó kàn fẹ́ wò ó. Ilé ìjọsìn ni, kì í ṣe ilé àwòrán: ọkùnrin á ṣí fìlà, ẹni tó bá fẹ́ ya fọ́tò á kọ́kọ́ tọrọ ààyè, kò sì ní máa rìn káàkiri bí ìsìn bá ń lọ lọ́wọ́. Yóò dára kí ìjọ àti ìjọba ìpínlẹ̀ jọ fi afinimọ̀nà síbẹ̀, ẹni tó mọ ìtàn náà tó sì lè fi Yorùbá sọ ọ́ fún àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ láti Mushin, Sùúrùlérè àti Yábà. Ọ̀rọ̀ náà ń fẹ́ ìtara, nítorí ilé àtijọ́ ń lọ ní Èkó. Ilójò Bar ní Tinúbú, tí ìjọba ti kéde rẹ̀ ní ohun ìrántí orílẹ̀-èdè láti 1956, wọ́n wó o palẹ̀ ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹsàn-án 2016. Ẹni tó bá ti wo kàtídírà méjèèjì tán lè gba Martins Street lọ wo Mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey, tí João Baptista da Costa, Àgùdà bíi ti àwọn tó kọ́ Holy Cross àkọ́kọ́, kọ́ fún àwọn Mùsùlùmí Èkó, tí wọ́n ṣí ní ọjọ́ 4 oṣù Keje 1894, tí ó sì ṣì wà lórí ìdúró.