Wọn Kò Kọ Ìwé, Ilé Ni Wọ́n Kọ́

Gbogbo ẹni tó bá ti gbé àyíká Akọ́kà rí ló mọ Abúlé Ọjà àti Abúlé Ìjẹ̀ṣà. Àwọn kọ̀ndọ́ ti pe orúkọ méjèèjì sí wa létí títí a kò fi gbọ́ "abúlé" tó wà nínú wọn mọ́. Ilé petẹ́ẹ̀sì, ṣọ́ọ̀bù àti yàrá tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń háyà ló kún ibẹ̀ báyìí. Bí a bá tún gba ojú irin láti Yábàá, tí a kọjá Múṣin àti Oṣòdì, a ó dé Agége, níbi tí àdúgbò kan ti ń jẹ́ Oko-Ọba. Oko ti lọ, orúkọ ló kù.

Agége yìí kì í ṣe ibi kékeré nínú ìtàn wa. Ní nǹkan bí ọdún 1880 ni James Pinson Labulo Davies, gbajúmọ̀ oníṣòwò Èkó, bẹ̀rẹ̀ sí í gbin kòkó sí oko rẹ̀ ní Ijọn, nítòsí Agége. Ní 1887, ìjọba dá ọgbà ọ̀gbìn sílẹ̀ ní Ẹ̀bútè-Mẹ́ta, níbi tí wọ́n ti ń pín irúgbìn fún àwọn àgbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni Jacob Kẹ́hìndé Coker, ọ̀kan lára àwọn tó dá ìjọ African Church sílẹ̀ ní 1901, dá oko ńlá sí Ifákọ̀. Nígbà tó di 1907, àwọn olóko Agége ti kó ara wọn jọ di ẹgbẹ́.

Àmọ́ Davies àti Coker nìkan kọ́ ló ń ṣiṣẹ́ oko náà. Àwọn òṣìṣẹ́ wá láti oríṣiríṣi ìlú Yorùbá, wọ́n kọ́ iṣẹ́ kòkó, àwọn kan lára wọn sì gbé irúgbìn àti ìmọ̀ náà padà sílé. Bẹ́ẹ̀ ni Agége ṣe wà lára ibi tí kòkó gbà dé oko Ìbàdàn, ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà àti Oǹdó. Orúkọ àwọn olówó wà nínú ìwé ìtàn. Ti àwọn òṣìṣẹ́ ńkọ́? Wọn kò kọ ìwé, ilé ni wọ́n kọ́. Ilé abà wọn ni ìwé wọn.

Ẹ jẹ́ kí n ka ọ̀kan fún yín. Ilé abà bàbá bàbá mi wà ní apá Ìdànrè. Amọ̀ ni wọ́n fi mọ ọ́n, ìpele lórí ìpele. Ẹ ó rí ojú ibi tí wọ́n ti dúró kí amọ̀ gbẹ kí wọ́n tó mọ òmíràn lé e. Ipa ìka àwọn obìnrin tó rẹ́ ògiri ṣì wà lára rẹ̀. Yàrá tí wọ́n ń kó àpò kòkó sí tóbi ju yàrá tí bàbá fúnra wọn ń sùn sí lọ. Níwájú ilé ni wọ́n da sìmẹ́ńtì sí láti máa sá kòkó, bẹ́ẹ̀ inú ilé kò ní sìmẹ́ńtì rárá. Ẹni tó bá rí èyí kò nílò kí ẹnikẹ́ni sọ fún un ohun tó gba iwájú láyé ìgbà náà.

Ilé yìí ni ẹ̀gbọ́n bàbá mi àgbà gbé dàgbà. Wọ́n wà lára àwọn ọmọ tó wọ ilé ìwé nígbà tí Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní oṣù Kìíní 1955. Kòkó wà lára ohun tó gbé owó ẹ̀kọ́ yẹn jáde.

Nígbà Kérésì tó kọjá, àbúrò bàbá mi ní kí a wó ilé náà, kí a ta páànù àti igi rẹ̀, nítorí òjò ti ń wọlé. "Ilé alámọ̀ lásán ni," wọ́n ní. Kò sẹ́ni tó jiyàn. Èmi tí mo ń ka ìtàn ní yunifásítì náà kò sọ̀rọ̀.

Ó yẹ kí n ti sọ̀rọ̀. Ní Koutammakou, ní àríwá Togo, ilé amọ̀ ni àwọn àgbẹ̀ Batammariba ń gbé, tòun ti àká ọkà wọn. UNESCO kọ ibẹ̀ mọ́ ogún àgbáyé ní 2004, wọ́n sì fi apá tó wà ní Benin kún un ní 2023. Ilé amọ̀ ni tiwọn náà.

Kí a má sì rò pé ìjọba nìkan ló lè gba ilé là. Ilọ́jọ̀ Bar ní Tinúubú, tí wọ́n kọ́ ní 1855, ti di ohun ìrántí orílẹ̀-èdè láti 1956, síbẹ̀ wọ́n wó o ní oṣù Kẹsàn-án 2016. Ní Ẹ̀bútè-Mẹ́ta, Jaekel House tí wọ́n kọ́ ní 1898 ṣì dúró, nítorí ẹgbẹ́ kan tó ń jẹ́ Legacy dìde sí àtúnṣe rẹ̀. Musíọ̀mù reluwé ló wà níbẹ̀ báyìí.

Ìtọ́jú ilé abà kò le tó bẹ́ẹ̀. Omi ni ọ̀tá amọ̀, nítorí náà òrùlé ló ṣáájú. Ẹ la ojú àgbàrá kó má gba ìdí ògiri. Ẹ má fi sìmẹ́ńtì rẹ́ amọ̀, torí kì í jẹ́ kí omi inú ògiri rí ọ̀nà jáde. Tó bá yá, á ṣí dànù tòun ti amọ̀. Amọ̀ ni kí ẹ fi tún amọ̀ ṣe. Gbogbo ilé kọ́ la lè gbà là, mo mọ̀. Èyí tó bá máa wó, ẹ ya fọ́tò rẹ̀, ẹ wọn yàrá rẹ̀, kí ẹ sì bi àwọn àgbà ẹni tó kọ́ ọ àti ohun tí wọ́n ń ṣe ní yàrá kọ̀ọ̀kan.

Mo ti pe àbúrò bàbá mi. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fún wa di ìparí òjò ọdún yìí, èmi àti àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi sì ti ń dá owó páànù jọ. Wọ́n ní àwọn á rò ó. Ẹ̀yin tí ẹ ní abà nílé, ẹ tètè pe àwọn tiyín.