Bọ́ọ̀dù Ti Lọ, Ta Ló Ń Bá Àgbẹ̀ Ṣírò Owó Kòkó?

Owó kòkó ló rán ọ̀pọ̀ nínú wa níléèwé. Ṣé ẹ mọ bí àwọn bàbá wa ṣe ń tà á?

Ní 1947, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá Bọ́ọ̀dù tó ń bójú tó títa kòkó sílẹ̀. Ní 1954, Ìwọ̀ Oòrùn ní tirẹ̀. Bọ́ọ̀dù ló ń dá iye lé kòkó kí sáà tó bẹ̀rẹ̀. Èyí dáa, torí àgbẹ̀ ti mọ iye tó máa gbà. Wọ́n tún máa ń yẹ kòkó wò, wọ́n á pín in sí gírédì. Ṣùgbọ́n iye tí wọ́n ń san sábà máa ń kéré sí ti ọjà àgbáyé. Wọ́n ní àwọn ń tọ́jú èyí tó kù de ọjọ́ tí ọjà bá bàjẹ́, àmọ́ ìjọba ná púpọ̀ nínú ẹ̀. Òótọ́ ni pé a rí Ilé Kòkó n'Ìbàdàn ní 1965. Síbẹ̀, nígbà tí owó orí wúwo tí owó kòkó ò tó nǹkan, àgbẹ̀ fárígá. Ìjà Agbẹ́kọ̀yà nìyẹn, 1968 sí 1969.

Ní 1986, ìjọba tú Bọ́ọ̀dù ká. Náírà já wálẹ̀, owó kòkó fò sókè, gbogbo èèyàn di oníkòkó. Wọ́n ń ra tútù, wọ́n ń ra gbígbẹ, kò sẹ́ni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa mọ́. Orúkọ kòkó wa bàjẹ́ lókè òkun.

Nílé tiwa, bàbá mi gbówó lórí kòkó tó ṣì wà lórí igi. Nígbà tá a ká a, owó ọjà ti fi ohun tó gbà sílẹ̀ jìnnà. Ẹni tó yá a lówó ló jèrè. Bàbá mọ kòkó gbìn ju ẹnikẹ́ni lọ, àmọ́ kò kọ nǹkan kan sílẹ̀ rí: kò mọ iye tí oògùn àti owó lébìrà ń jẹ lórí àpò kan. Bọ́ọ̀dù ti ń bá a ṣírò tipẹ́, kò sì sẹ́ni tó kọ́ ọ bó ṣe máa dá a ṣe.

Ẹ ò rí i pé ó tún ti ṣẹlẹ̀? Ní 2024, kòkó kọjá 10,000 dọ́là fún tọ́ọ̀nù kan. Ní 2025, ó já wálẹ̀. Ẹni tó fi owó ọdún kan ra mọ́tò láìfi nǹkan kan pa mọ́ ti ń yáwó báyìí.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń fowó ránṣẹ́ sílé, ẹ fi ìwé ìṣirò kan àti òṣùwọ̀n tó péye kún un. Ẹ bá àwọn ará oko sọ ọ́: kí wọ́n kọ gbogbo ìnáwó sílẹ̀, kí wọ́n bo kòkó dáadáa kí wọ́n tó sá a, kí wọ́n kó o pọ̀ tà, kí wọ́n má sì ta èyí tó ṣì wà lórí igi. A ò lè pàṣẹ fún ọjà, àmọ́ a lè mọ ìṣirò tiwa.

Ìlú wa á dùn o.